Ṣé Gíà Ló Jẹ̀bi? Àgbéyẹ̀wò Àìsàn Ọ́tò Nínú Bọ́ọ̀sì Tó Ti Dàgbà

Bí bọ́ọ̀sì ọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra lórí òkè, tó ń ké ramúramù láìkúrò lójú kan, ìdájọ́ kan ṣoṣo ló máa ń tètè jáde lẹ́nu àwọn tó yí i ká: gíà ti lọ. Ẹnikẹ́ni ò tíì fa géèjì yọ wo ọ́ìlì, ẹnikẹ́ni ò tíì wo wáyà kankan, wọ́n ti ń dárúkọ Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí Àràrọ̀mí lẹ́bàá Agodi Gate n'Ìbàdàn, wọ́n ti ń bá onímọ́tò ṣírò iye tí gíà tòkúnbọ̀ yóò jẹ. Onímọ́tò á wá owó, wọ́n á gbé gíà mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pẹ́ tí èyí náà á fi máa ṣe bíi ti àná, torí pé ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ọkọ̀ níbi tó wà.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Gíà ọ́tò kì í sábà dédé kú. Ooru ló ń pa á, tàbí ọ́ìlì tó jò dànù, tàbí ọ́ìlì tí kì í ṣe irú tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé okùn kan ló tú tàbí wáyà kan ló já, kí gbogbo èèyàn wá máa dá irin inú lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àìsàn wà, ìta ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ inú, kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí kì í náni ní kọ́bọ̀.

Sienna ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2010, nítorí òun ló ń kó èrò kiri láàárín Èkó, Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin báyìí. Ọkọ̀ ìdílé ni Toyota fi ṣe, èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ló wà fún. Àwa la sọ ọ́ di bọ́ọ̀sì, tí a di ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí a tún di ẹrù lé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni bọ́ọ̀sì ọ́tò tó ti dàgbà láyé. Volkswagen tó di danfo, mánúà la mọ̀ ọ́n sí l'Ékòó. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ti ní ọ́tò láti orí ọkọ̀ ọdún 1973, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ níbẹ̀ ṣì ń bá a fà á di òní. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè àtijọ́ tí wọ́n fi ń kó ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ ní gíà Allison AT545. Routemaster pupa tó gbé èrò ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1956 títí di 2005 náà kò ní ẹsẹ̀ kíláàṣì fún awakọ̀ láti tẹ̀.

Nínú mánúà, ẹsẹ̀ awakọ̀ àti irin ló ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì ni. Òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnì kọjá nínú kọ́ńfátà tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà, lórí ìlànà tí Hermann Föttinger, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1905 fún ọkọ̀ ojú omi. Òun náà ni pọ́ǹpù ń tì gba inú fááfù bọ́dì, irin pẹlẹbẹ tí ihò tóóró kún inú rẹ̀, kó lè lọ di kíláàṣì mú kí gíà tó wọlé. Òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, òun ló sì ń kó ooru jáde lọ sí radíétọ̀. Tó bá wá dín, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ tó fi ń di kíláàṣì mú á rọ̀, kíláàṣì á máa yọ̀, yíyọ̀ á di ooru, ooru á jó kíláàṣì àti ọ́ìlì pọ̀. Lítà kan tó jò dànù tó láti bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí.

Nítorí náà, géèjì la kọ́kọ́ ń bi léèrè, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń wo ọ́ìlì gíà bí wọ́n ṣe ń wo ti ẹ́ńjìnì: wọ́n á pa ọkọ̀, wọ́n á fa géèjì yọ. Ní Toyota, irọ́ ni géèjì ń pa báyẹn. Tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, ọ́ìlì tó wà lókè á sàn padà sísàlẹ̀, géèjì á fi hàn pé ó kún nígbà tí kò tó. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn dáadáa kó gbóná, kó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ fẹsẹ̀ mọ́ búréèkì, ẹ gbé ọ̀pá gíà láti P kọjá gbogbo ojú rẹ̀ dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa géèjì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí ẹ tún fà á. Ojú HOT ni kó wà. (Honda ní òfin tirẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á ni wọ́n ń wò ó.) Kíkún àkúnjù náà kì í ṣe àǹfààní, torí irin tó ń yí á lù ú títí tó fi máa hó, ọ́ìlì tó kún fún afẹ́fẹ́ kò sì lè di ohunkóhun mú.

Lẹ́yìn iye, ó ku àwọ̀ àti òórùn. Pupa tó mọ́ gaara ni tuntun. Èyí tó ti ń di àwọ̀ ilẹ̀ ti gbó. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, kíláàṣì ló ń jó. Ẹ fi ìka méjì rà á wò: èérún dúdú tó rọ̀ wá láti ara kíláàṣì, èyí tó ń dán tó sì ń họ ìka, irin ni. Àwọ̀ tó yẹ kó da oorun láàmú jù lọ ni pupa tó ti funfun ràkọ̀ràkọ̀, nítorí omi ló wọ inú rẹ̀. Inú radíétọ̀ ni ọ̀nà tí ọ́ìlì gíà ń gbà tutù wà nínú Sienna, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì dá òun àti omi sí méjì. Ọkọ̀ tó bá ti ń mu omi kànga fún ọdún púpọ̀, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ coolant, irin náà á jẹrà, omi á gbabẹ̀ wọ gíà, á sì tú àtè tó lẹ ìbòrí kíláàṣì mọ́ irin. Ẹni tó bá pààrọ̀ gíà irú ọkọ̀ yìí láìpààrọ̀ radíétọ̀ ti ra gíà méjì.

Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń tà á létí títì ṣe ń sọ. General Motors gbé ọ́ìlì ATF tí wọ́n pè ní Type A jáde ní 1949. Ohun tó sì jẹ́ kó lè di kíláàṣì mú wẹ́rẹ́ láìfà á ya ni ọ̀rá àbùùbùtán. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹranko ńlá inú òkun ló wà nínú gíà àwọn baba wa. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de pípa irú àbùùbùtán bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní láti wá kẹ́míkà tó máa gbapò rẹ̀, ó sì tó àkókò kan kí wọ́n tó rí i ṣe dáadáa. Dexron, tí General Motors fi tẹ̀ lé Type A, ti dé ní 1967, Dexron-III dé ní 1993, Dexron-VI ní 2005. Toyota náà kúrò lórí Dexron bọ́ sórí ọ́ìlì tirẹ̀, T-IV, ó tún bọ́ sórí WS. Kì í ṣe orúkọ lásán ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ọ́ìlì kan ṣe ń mú kíláàṣì yàtọ̀ sí ti èkejì, èyí tí kò bá bá a mu á máa mú ọkọ̀ gbọ̀n nígbà tí kọ́ńfátà bá fẹ́ ti ara rẹ̀ pa lórí eré kó lè so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà tààrà, awakọ̀ á rò pé táyà ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kọ irú ọ́ìlì sára géèjì fúnra rẹ̀, tí a bá lè nù ún ká kà á.

Àríyànjiyàn tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni bóyá kí a pààrọ̀ ọ́ìlì gíà tó ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, pé tuntun á pa á. Àwọn tó kàwé máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èérún kíláàṣì tó ti po mọ́ ọ́ìlì àtijọ́ lè máa ran kíláàṣì tó ti fẹ́ tán lọ́wọ́ láti di nǹkan mú. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ fín gbogbo inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, pàǹtí tó ti jókòó jẹ́ẹ́ á dìde, á lọ dí ihò fááfù bọ́dì. Síbẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé gíà ti ń yọ̀ kí onímọ́tò tó rántí ọ́ìlì. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, gíà kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì kọ ikú náà sọ́rùn ọ́ìlì tuntun.

Bí gíà bá ń wọlé dáadáa tí ọ́ìlì kò sì rùn, kí a pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí a tú ìdérí ìsàlẹ̀, kí a da èyí tó bá jáde, kí a wọ̀n ọ́n, kí a pààrọ̀ fíltà, kí a nu àwọn òòfà inú ìdérí náà, kí a sì dá iye tó jáde gan-an padà. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó pọ̀ ṣì wà nínú kọ́ńfátà. Tí ọkọ̀ bá ti rìn fún ìgbà díẹ̀, kí a tún un ṣe. Ẹrẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́ lára òòfà kò burú, gbogbo gíà tó ti ṣiṣẹ́ ló ń ní in. Àfọ́kù irin ló yẹ kó bani lẹ́rù. Bí gíà bá sì ti ń yọ̀ tó ń rùn bí ohun tó jóná, kí onímọ́tò tọ́jú owó ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì kankan kò lè dá kíláàṣì tó ti jó padà.

Ibi kan tí a máa ń gbàgbé ni pé nínú àwọn gíà kan, ọ́ìlì inú dífà kò bá ti gíà lọ pọ̀. Volkswagen ọlọ́tò ni àpẹẹrẹ tó dára jù: ATF ló wà lápá kan, ọ́ìlì gíà tó ki ló wà lápá kejì, ọ́ìlì síìlì ló sì dá wọn sí méjì. Bí síìlì yẹn bá gbó, ATF á máa sàn sínú dífà. Awakọ̀ á rí i pé ọ́ìlì gíà ń dín lójoojúmọ́, kò ní rí ìkán kan nílẹ̀. Ẹni tó bá tú ojú ihò dífà wò tí ọ́ìlì pupa tú jáde ti rí àìsàn náà láìtú gíà rárá.

Volkswagen yìí kan náà ní nǹkan mìíràn, rọ́bà pẹlẹbẹ kan nínú agolo kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì kó lè mọ̀ bí awakọ̀ ṣe tẹ iná tó. Tí rọ́bà náà bá ya, ẹ́ńjìnì á máa fa ATF mu. Èéfín funfun á máa jáde, ọ́ìlì á máa dín, gíà á máa pẹ́ kó tó wọlé, tó bá sì fẹ́ wọlé á ta bí ẹṣin. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì wò nítorí irú èéfín yẹn, bẹ́ẹ̀ agolo kan péré ló fa gbogbo rẹ̀. Túùbù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnì tún lè là, kó dá wàhálà kan náà sílẹ̀ láìsí èéfín.

Ọ̀pọ̀ Toyota àwọn ọdún 1990 kò ní agolo, okùn ló ní, láti ibi tí a ti ń tẹ iná lọ sínú gíà. Tó bá tú jù, agbára ọ́ìlì á kéré, gíà á tètè wọlé ní jẹ́jẹ́, á sì máa yọ̀ tí ẹrù bá pọ̀. Tó bá le jù, á máa pẹ́, á máa fi agbára wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí wọ́n sì tò ó padà ni okùn yìí ti lè yẹ̀. Ìdajì wákàtí kò ní tán tí wọ́n á fi tún un fà.

Ẹ tún wo síìtì ẹ́ńjìnì àti síìtì gíà. Bí rọ́bà wọn bá ti já, ọkọ̀ á ta gbì tí a bá gbé e sí D tàbí rífáàsì, ariwo náà á sì dà bíi pé nǹkan fọ́ nínú gíà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti rìn pátápátá, kí ẹnì kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tí kò léwu, kó wo ṣáfútù méjèèjì nígbà tí ẹlòmíràn wà lórí búréèkì tó gbé e sí D, tó wá tú u díẹ̀. Ṣáfútù tó yọ kúrò nínú gíà tàbí jọ́ọ̀ǹtì tó ti jẹ tán á mú kí gíà máa yí láìsí táyà tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà wá tẹ̀ lé e. Ní Routemaster pàápàá, iná mànàmáná ló ń gbé àṣẹ ọ̀pá gíà lọ, kì í ṣe irin. Nínú Sienna, bíréènì bọ́kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ fún àwọn solenoid, fááfù kéékèèké tó ń fi iná ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà tàbí kí wọ́n tì í. Bí iná O/D OFF bá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Toyota àtijọ́, ọkọ̀ ń sọ fún yín pé òun ti rí nǹkan. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú tí sikánà ń wọ̀. P0750 àti P0755 ń tọ́ka sí solenoid tó ń pààrọ̀ gíà, P0740 sí ti kọ́ńfátà, P0705 sí súìṣì tó ń mọ ibi tí ọ̀pá gíà wà. Àmọ́ kódù kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà yẹn. Wáyà tí eku jẹ, ẹnu wáyà tí ọ́ìlì kún, bátìrì tó ti rẹ̀ tàbí wáyà ilẹ̀ (earth) tí kò dúró dáadáa lè mú kódù kan náà jáde. Rẹ́wáyà tó gbọ́n á fi mítà wo solenoid kó tó ní kí wọ́n rà á.

Àyẹ̀wò kan wà tó ń yanjú ìjà láàárín rẹ́wáyà àti mẹkáníìkì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota onígíà mẹ́rin, bí a bá yọ ẹnu wáyà solenoid, ọ̀pá gíà nìkan ló kù tó ń yan gíà, ìwé àtúnṣe sì sọ èyí tó yẹ kó wọlé ní D, ní 2 àti ní L. Bí gbogbo wọn bá wọlé tí wọ́n sì di nǹkan mú, irin inú kò láìsàn, apá wáyà ni kí a lọ. Bí ọ̀kan bá ṣì ń yọ̀, ẹ dá rẹ́wáyà sílẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ti ìta bá ti mọ́, gíà tó sọnù fúnra rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀. Kíláàṣì tó ń ṣiṣẹ́ fún rífáàsì kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ fún D. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú dáadáa tí kò lọ sẹ́yìn, ọ́ìlì àti pọ́ǹpù kò jẹ̀bi, torí àwọn méjèèjì ló ń sin apá méjèèjì. Kíláàṣì kan tàbí síìlì rẹ̀ ni. Bí kò bá lọ síwájú tí kò lọ sẹ́yìn, ẹ padà sórí pọ́ǹpù, fíltà, kọ́ńfátà, tàbí ṣáfútù. Bí òwúrọ̀ bá dára tí ọ̀sán bá burú, ooru ti sọ ọ́ìlì di fẹ́lẹ́, síìlì tó ti gbó kò sì lè dá a dúró mọ́. Bí òwúrọ̀ bá lọ́ra tí ọkọ̀ wá ń já fáfá lẹ́yìn tó gbóná, síìlì tó ti le ni mo máa fura sí.

Ìwé Toyota ní ìwọ̀n kan tí kò gba irinṣẹ́. Láti N sí D, kò yẹ kí gíà pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 1.2 lọ kó tó mú. Láti N sí R, 1.5. Fóònù tó wà lápò yín lè ka èyí. Àyẹ̀wò títẹ iná mọ́lẹ̀ pẹ̀lú búréèkì ní D le jù bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú ọkọ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá sáré kọjá iye tí ìwé kọ, nǹkan ń yọ̀ nínú. Tí kò bá dé e, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ti rẹ̀ tàbí kọ́ńfátà ti bàjẹ́. Mo ti rí àwọn tó fi ìdánwò yìí pa gíà tó kù díẹ̀ káàtó, nítorí náà mo fẹ́ràn kí wọ́n fi gééjì ìwọ̀n agbára ọ́ìlì wò ó dípò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sọ́ọ̀bù tó ní in kò pọ̀.

Lórí ooru, n kò ní sọ púpọ̀ ju pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó burú fún ọ́tò ju ọ̀nà jíjìn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yọ́ rìn, kọ́ńfátà á máa lu ọ́ìlì láìti ara rẹ̀ pa, gbogbo agbára tó ṣòfò á di ooru. Allison AT545 kò tilẹ̀ ní ohun tó ń ti kọ́ńfátà pa rárá, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbóná lórí òkè. Àwọn onímọ̀ ọ́ìlì máa ń sọ pé bí ooru bá fi nǹkan bí 10°C lé, ọjọ́ ayé ọ́ìlì á dín sí ìdajì. Radíétọ̀ kékeré tí a fi kún un níwájú fún ọ́ìlì gíà nìkan, kò wọ́n tó gíà kan.

Bó bá wá dájú pé inú ló ti bàjẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Kí wọ́n tú u kí wọ́n pààrọ̀ kíláàṣì àti síìlì rẹ̀, èyí tó dára jù tí a bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí wọ́n sọ ọ́ di mánúà, èyí tí àwọn kan ń ṣe, àmọ́ wáyà, ẹsẹ̀ kíláàṣì àti bíréènì bọ́kìsì á gba iṣẹ́ tó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ sọ fún onímọ́tò. Tàbí gíà tòkúnbọ̀, tí ọ̀pọ̀ ń yàn. Ẹni tó bá yàn án, kó mú nọ́ńbà gíà rẹ̀ dání lọ, torí gíà Sienna ọdún 1999 kò bá ti 2005 mu. Kó ní kí wọ́n tú ìdérí ìsàlẹ̀ kó lè wo òòfà níbẹ̀, lójú ọjà. Kó ní kí wọ́n fọ páìpù tó ń lọ sí radíétọ̀, kí pàǹtí gíà àtijọ́ má lọ pàdé tuntun.

Kó sì dúró ti àwọn tó ń gbé e wọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi kọ́ńfátà sí ipò. Ó gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí, kó fi ẹnu rẹ̀ gbá pọ́ǹpù mú, kí gíà tó fẹnu ko ẹ́ńjìnì. Tó bá ṣẹ́ kù díẹ̀, tí wọ́n wá fi bóòtù fà wọ́n pọ̀ tipátipá, pọ́ǹpù á fọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣíná. Bí gíà àti ẹ́ńjìnì kò bá pàdé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí ó ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn, kí wọ́n yí kọ́ńfátà títí á fi jìn sílé.